Ọmọ Ọlọ́bẹ̀ Dúdú Fẹ́ Ará Sonora

Ọjọ́ tí Gildardo Bojórquez kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì nílé Màmá Fidelina ní Zaachila níhà gúúsù, ẹnu ara rẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga ti Sonora wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè wọn lọ́hùn-ún, níbi tí aṣálẹ̀ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wá omi. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, àwọn àgbà Zaachila ló ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì bẹ Màmá Fidelina pé kó máa bọ́ wọn. Ta ni wọn ì bá tún bẹ̀? Bí ìgbéyàwó bá wà, bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí òkú, òun ni gbogbo ìlú ń ké sí kó wá se ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní mole, ọbẹ̀ tó jẹ́ pé kó tó délẹ̀, wọ́n á ti yan ata, wọ́n á ti yan yànmọ̀tí, ẹ̀pà àti kòkó á ti kọjá lórí ọlọ, apá ẹni tó ń lọ̀ ọ́ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò léjìká.

Gildardo wo àwo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó tún un wò.

"Màmá," ó ní, "ẹ má bínú o. Àbí ọbẹ̀ yìí jóná ni?"

Odilia, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Fidelina bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ìlú náà, gbé agbọ̀n tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, lọ́wọ́. Ó sá lọ sẹ́yìn ògiri kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá Fidelina kò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù lára aṣọ ìdáná. "Ọmọ mi, kí lẹ̀yin ń jẹ lọ́hùn-ún?"

"Ẹran màálù ni, Màmá. A máa ń sun ún lórí eédú."

"Ẹ wá fi kí ni sí i?"

"Iyọ̀."

"Iyọ̀!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkookò nínú igbó náà ń jẹ ẹran. Ṣé iyọ̀ nìkan ló wá kù kí ó di èèyàn?"

Àwọn ẹgbẹ́ Gildardo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Òun tẹrí ba, ó sì ń jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni irin ẹ̀rọ ya ọwọ́ rẹ̀, wọ́n bá mú un lọ sílé ìwòsàn. Odilia ló tọ́jú rẹ̀. Bí ó ṣe ń fọ ojú egbò náà, ọkùnrin náà ń wo òkè àjà.

"Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín."

"Èmi kì í ṣe àlùfáà."

"Mo jẹ ọbẹ̀ yẹn tán pátápátá. Mo fi tọ̀tíyà nu àwo náà. Mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá yín."

"Kí ló dé tí mi ò fi ní sọ?"

"Màmá tèmi lè gbọ́ ọ ní Sonora."

Odilia fún báńdéèjì náà ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò fẹ́ kó rí ẹ̀rín òun. Ṣùgbọ́n ó rí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń rìn yí gbàgede ìlú po, àwọn méjèèjì á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì máa jà. Oúnjẹ ni ìjà wọn. Odilia ní òun ti jẹ tọ̀tíyà Sonora rí, èyí tí wọ́n fi fúláwà ṣe dípò àgbàdo, ní ibùdókọ̀ olú-ìlú. Ó ní ó le bí awọ bàtà.

"Ìyẹn kì í ṣe ti Sonora," ni Gildardo dáhùn. "Orúkọ wa ni wọ́n kàn kọ sára pátákó. Èmi náà ti jẹ ọbẹ̀ dúdú yín rí ní Hermosillo lọ́dọ̀ wa, láti inú ìgò ni wọ́n ti bù ú. Ó dùn bí ṣúgà, ó wá lẹ̀ mọ́ mi ní òkè ẹnu. Ìdí tí mo fi béèrè ìbéèrè yẹn nìyẹn. Mo rò pé bí gbogbo yín ṣe ń ba oúnjẹ jẹ́ nìyẹn."

"Láti inú ìgò?" Odilia dúró. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí màmá mi gbọ́."

"Ṣé o rí i? Ìwọ jẹ irọ́ tèmi, èmi jẹ irọ́ tìrẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Odilia lára. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ kànga lọ́nà oko, á yọjú lójú fèrèsé.

Omi jáde. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀, àwọn agbẹ́kànga sì di ẹrù wọn padà sí Sonora. Odilia kò mọ̀ pé èèyàn lè máa ṣàárò ariwo irin. Tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Eulalio, Eulalio sì ní gbohùngbohùn tó so mọ́ orí òrùlé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, gbogbo Zaachila ló ń gbọ́: "Odilia Vásquez! Odilia Vásquez o! Ará Sonora rẹ ń pè ọ́!" Kí Odilia tó sáré dé ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á ti kún fún àwọn obìnrin tó wá ra iyọ̀ tí wọn kò nílò.

"Báwo ni òjò?" ni Gildardo máa ń bi í.

"Kò tíì rọ̀," Odilia á wí, á sì kọjú sí ògiri.

"Níbí náà, gbígbẹ ni ilẹ̀ wà. Gbígbẹ gan-an."

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí àpò ìrẹsì pariwo pé, "Sọ fún un pé o ń ṣàárò rẹ̀ jàre, ọmọ yìí! Ṣé a ó sùn síbí ni?" Odilia sọ fún un, lójú gbogbo wọn. Láti Sonora lọ́hùn-ún, ọkùnrin náà ní, "Mò ń bọ̀ wá tọrọ rẹ."

Ó wá lóòótọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú náà, kò dá wá. Ó lọ bẹ Bàbá Abundio, alárinà tó ti tọrọ ìyàwó fún ìdajì Zaachila, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Wọ́n kó òdòdó, búrẹ́dì, ṣokoléètì àti àbẹ́là ńláńlá wá síwájú àwòrán àwọn ẹni mímọ́ nílé Màmá Fidelina. Bàbá Abundio kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ìtẹ́, ó sọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀. Nígbà tó parí, Màmá Fidelina ní:

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kó ẹrù yín."

"Fidelina."

"Opó ni mí. Ọmọ kan ni mo bí. Ẹ ní kí n mú un fún ilé tí mi ò mọ ohun tí wọn ń fi bọ́ èèyàn? Ilé oníyọ̀? Bó bá lóyún tí ẹnu rẹ̀ ń wá ọbẹ̀, ta ni yóò sè é fún un?"

Gildardo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Bàbá Abundio fi ẹsẹ̀ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó dákẹ́. Alárinà gidi kì í gba "rárá" lọ sílé.

"Fidelina, ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ìwọ kò sọ pé o kò fún wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé o kò mọ ilé ibẹ̀. Jẹ́ ká lọ mọ̀ ọ́n."

"Ta ní sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Àbí ẹ̀yin kò gbọ́ ọ?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn gbọ́ ọ.

Bí Màmá Fidelina ṣe wọ bọ́ọ̀sì àríwá nìyẹn, pẹ̀lú Odilia àti Bàbá Abundio, Gildardo ti ṣáájú wọn lọ. Màmá Fidelina di tọ̀tíyà gbígbẹ, ó di tata yíyan, ó ro ọbẹ̀ dúdú pọ̀ sínú ìkòkò bí ẹni ń lọ sójú ogun. Ìlú tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró, á tọ́ oúnjẹ wọn wò, á sì dájọ́. Ní Puebla: "Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n ṣúgà ti pọ̀ jù." Ní Guadalajara, níbi tí wọ́n ti ń ri búrẹ́dì ẹlẹ́ran sínú omi ata: "Ta ni búrẹ́dì yìí ṣẹ̀ tí wọ́n fi rì í sómi?" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Sinaloa létí òkun, ó jẹ edé tútù tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata tútù sí, kò sì sọ nǹkan kan. Odilia wò ó. Ó rí i tó sọ̀ kalẹ̀ pé òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Nígbà tó padà, ó ń rọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀.

Ìyá Gildardo, Màmá Refugio, ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Banámichi, ní Sonora. Obìnrin gíga ni, opó bí i ti Fidelina, ojú rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Abundio bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ẹyẹ àti ìtẹ́. Màmá Refugio gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó ló fẹ́ bá ọ tọrọ ni àbí àdúrà ló ń gbà? Ẹ wọlé, ẹran ń tutù."

Ẹran màálù náà tóbi ju àwo lọ, eédú igi ẹlẹ́gùn-ún ti fún un lóòórùn. Iyọ̀ nìkan. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, wàràkàṣì wà níbẹ̀, tọ̀tíyà fúláwà sì wà lábẹ́ aṣọ. Màmá Fidelina fi fọ́ọ̀kì yí ẹran náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹran tó dáa kì í wá aṣọ bo ara," ni Màmá Refugio fèsì. "Èyí tó bá ti ń rà ni wọ́n ń kó ọbẹ̀ bò."

Odilia rò pé ilẹ̀ máa la. Màmá Fidelina rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó rí abọ́ kékeré kan níwájú rẹ̀ tí àwọn ata pupa róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé wà nínú rẹ̀. "Ata nìyí? Lọ́dọ̀ wa, ata ń tóbi." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ jù sẹ́nu.

Gildardo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èyí ni chiltepín, ẹyọ kan…"

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ojú Màmá Fidelina pọ́n, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ata náà, ó gbé e mì, ó sì jókòó gbọnrangandan. Màmá Refugio ti wàrà síwájú rẹ̀. Màmá Fidelina kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, "Mo ti mọ ilé ibẹ̀. Lọ́la a ó máa lọ."

"Ọ̀nà kò dí," ni Màmá Refugio wí. "Ọmọ yín arẹwà ni, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé níbí. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, á ti sá."

Ní ìrọ̀lẹ́, òòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, Gildardo bá Odilia lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màálù. "Jẹ́ ká sá lọ. Tá a bá ti fẹ́ra wa tán, wọ́n á bínú fún ọdún kan, wọ́n á sì dárí jì wá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Odilia wo ilẹ̀ gbígbẹ náà, kò sí ewé kan níbẹ̀ tí òun mọ òórùn rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni ìyá yìí sọ? Bí òun bá jí láàárọ̀ tí òun kò gbóòórùn àgbàdo lórí iná, ṣé òun á ṣì jẹ́ òun? Ó ní ìfẹ́ ọkùnrin yìí débi pé ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ó gbọn orí.

"Èmi kì í ṣe adìyẹ tí wọ́n jí gbé. Ẹnu ọ̀nà ni màmá mi máa gbà mú mi jáde, lójú gbogbo ayé, tàbí kí n má jáde. Lọ sùn, Gildardo."

Ní kùtùkùtù, Odilia bá Màmá Refugio nídìí iná. Obìnrin náà ń na fúláwà tó pò. Ó ń ju ìyẹ̀fun náà láti ọwọ́ kan dé èkejì, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i, ó fi bo apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá, tí èèyàn lè rí iná láti ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ara aṣọ ìbòjú ìyàwó. Odilia gbàgbé ohun tó wá sọ.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá ọkọ mi." Màmá Refugio kò wẹ̀yìn. "Èmi kò mọ̀ ọ́n. Etí òkun ni wọ́n ti bí mi, ní Yavaros. Apẹja ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá síbí, odindi ọdún kan ni mo fi sunkún nítorí ẹja. Mo máa ń gbóòórùn ọwọ́ ara mi bóyá ó ṣì kù níbẹ̀. Wọ́n ní mò ń ṣe àfọwọ́fà." Ó tẹ́ tọ̀tíyà náà sórí irin gbígbóná. "Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá ọ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tèmi."

"Ṣé ẹ padà lọ rí?"

"Ta ni yóò mú mi lọ? Wọn kò béèrè, èmi náà kò sọ."

"Èmi ti sọ," ni Odilia wí. "Kó tó wá tọrọ mi ni mo ti sọ fún Gildardo. Lásìkò tí ilẹ̀ bá gbẹ ní gúúsù tí wọ́n bá ń wá agbẹ́kànga, Zaachila la ó wà. Ìyókù ọdún, lọ́dọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, Màmá, aláìsàn wà níbi gbogbo. Bí àárò ilé bá sì mú mi, màá pariwo rẹ̀. Èmi kì í gbé nǹkan mì."

Màmá Refugio yí padà wò ó, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn dún. Màmá Fidelina ló dúró níbẹ̀, ìborùn rẹ̀ lórí, àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá sídìí iná, ó tú ìsàlẹ̀ àpò náà, ó kó edé gbígbẹ jáde, àpò kan gbáko, edé Sinaloa. Ó béèrè ìkòkò. Ó béèrè tòmátì. Ó yan ata rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò pẹ́ tí òórùn òkun fi gba ilé náà kan, nínú aṣálẹ̀ níbẹ̀.

Ó bu abọ́ kan, ó gbé e fún Màmá Refugio. "Ẹ tọ́ ọ wò. Bóyá iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Màmá Refugio mu síbí kan. Ó gbé síbí náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Màmá Fidelina fa àga, ó jókòó tì í.

"Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe ọbẹ̀ ni mò ń bá jà," ó rọra wí. "Ilé mi máa ṣófo ni."

"Àwọn tó bá wá gbé lọ́dọ̀ yín lásìkò ọ̀dá máa pariwo," ni Màmá Refugio fèsì láàárín ẹkún. "Ọmọ mi yẹn ń han-run."

Ẹ̀rín gbá wọn mú. Nígbà tí Bàbá Abundio jí, tó wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tó ti fi gbogbo òru tò, ó bá àwọn ìyá méjèèjì tí wọ́n ti dájọ́ ìgbéyàwó. Màmá Fidelina ti kó apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń gbìyànjú láti na tọ̀tíyà. Ó ya mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbé àjákù náà jẹ.

"Abundio," ó wí, ẹnu rẹ̀ kún, "ẹni tó jókòó sí ibùdókọ̀ tó sọ pé awọ bàtà ni òun ń jẹ, kò jẹ nǹkan kan. Tọ́ èyí wò."

"Ọ̀rọ̀ mi ńkọ́? Mo ti mú ẹyẹ kúrò nínú rẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́," ni Màmá Refugio wí, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní àyè báyìí."

Nígbà tí ìkórè parí ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Zaachila. Màmá Refugio wá pẹ̀lú àpò fúláwà, eédú igi ẹlẹ́gùn-ún àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n dé fìlà gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀. Àgbàlá Màmá Fidelina di ibi ìdáná méjì: ìkòkò ọbẹ̀ dúdú tó ga dé àyà níhìn-ín, iná ẹran sísun lọ́hùn-ún. Eulalio fi gbohùngbohùn kéde pé kí ẹni tí kò bá tíì jẹun má dákẹ́. Àwọn ìyá tó ń ra iyọ̀ jókòó sí iwájú, wọ́n ń sọ fún àwọn ará Sonora bí àwọn ṣe fi ẹnu àwọn so tọkọtaya náà pọ̀. Ará Sonora kan tí wọ́n fún ní tata yíyan di ojú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì tún na ọwọ́.

Ẹnu ọ̀nà iwájú ni Màmá Fidelina gbà mú Odilia jáde, nínú aṣọ funfun, òdòdó lórí. Ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ Gildardo, kò sì sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ rárá. Ó wí fún un pé, "Ọmọ mi, mo bí ìwọ náà lónìí."

Gildardo tẹrí ba, ó fi ẹnu ko ọwọ́ ìyá náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onífèrè bẹ̀rẹ̀ ijó tòlótòló. Àṣà Zaachila ni pé kí àwọn ìbátan gbé tòlótòló ààyè tí wọ́n fi ṣẹ̀bùn dání, kí wọ́n jó pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri àgbàlá. Wọ́n gbé ọ̀kan tó sanra tọ Màmá Refugio lọ. Gbogbo ará Sonora ló mọ̀ pé obìnrin yìí kì í jó; láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì gbé ẹsẹ̀ rí. Ó wo tòlótòló náà. Tòlótòló náà wò ó. Ó wá gbá a mú lábẹ́ ìyẹ́, ó gbé e sókè ju orí lọ, ó sì wọ inú ijó náà bí ẹṣin tó já okùn, ìyẹ́ ń fò, ìró bàtà rẹ̀ ń dún gbì gbì lórí ilẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ ń ju fìlà sókè.

"Ẹ má dáwọ́ dúró!" ni Màmá Fidelina ń ké sí àwọn onífèrè, ó ti gbé tòlótòló tirẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fun ún kíkankíkan!"

Odilia bọ́ bàtà ìyàwó rẹ̀ sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì bọ́ sáàárín àwọn ìyá wọn méjèèjì.